Èkó sí Salvador ní Brazil: ṣé wákàtí 6 ni àbí wákàtí 37?

Aláró_ÒkèFìà

Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Òròkí, ará Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àlejò kan tó wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun láti Brazil lọ́dún tó kọjá yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́ta, wọ́n sì jókòó ti ìkòkò aró mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti wá kọ̀wé sí mi báyìí pé kí n wá fi iṣẹ́ aró han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ló máa sanwó bàálù. Ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ bàálù rí, Èkó sí Àbújá, mi ò sì lajú títí ó fi balẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Mo gba gílóòbù tí ọmọ mi fi ń kàwé, mo na òwú lé e láti Èkó dé Salvador, mo fi èékánná di ibi tó parí sí mú. Mo wá yí òwú kan náà sókè, láti Èkó sí London. Ọgbọọgba! (Aró ọwọ́ mi fa ìlà búlúù gba orí òkun já. Ọmọ náà ṣì ń bínú sí mi.) Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé London, wákàtí 6 ààbọ̀ ló fi ń dé Èkó. Ni mo bá wo Salvador lórí fóònù, wọ́n kọ wákàtí 37 síbẹ̀. Òwú kan náà o! Ṣé fóònù ló ń purọ́ ni àbí òwú?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Àǹtí, ẹ kú oríire o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán, 3,160 péré ni. Kò jìnnà rárá.

Ìyá_Ìbejì_Gbọ́dọ̀fọ̀n

3,160 báwo? 5,086 ni èmi rí. Ẹ má ṣi Àǹtí wa lọ́nà.

Ṣẹ́gun_Akọ̀wé

Kí ẹ̀yin méjèèjì tún un wò. 2,746 ni wọ́n kọ síbi tí mo ti wò ó, àwọn tó ń wa bàálù gan-an ló sì ń lo ojú ewé yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Gbọ́dọ̀fọ̀n

Ṣé àwọn awakọ̀ náà mọ àbùjá kan tí àwa ò mọ̀ ni?

Tíṣà_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Ẹ sinmi ariwo. Òótọ́ ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Àpò ìrẹsì kan náà lẹ ń wọ̀n, ẹnìkan fi kóńgò wọ̀n ọ́n, ẹnìkan fi dẹ́ríkà, ẹ wá ń bá ara yín jà lórí iye. 5,086 jẹ́ kìlómítà. 3,160 jẹ́ máìlì orí ilẹ̀, tí ọ̀kan rẹ̀ tó kìlómítà 1.609. 2,746 jẹ́ máìlì ojú omi tí àwọn awakọ̀ òkun àti awakọ̀ bàálù ń lò, ọ̀kan rẹ̀ sì tó kìlómítà 1.852. Bí ẹ bá ti rí iye lórí fóònù, ẹ wo lẹ́tà kékeré tó tẹ̀lé e kí ẹ tó bú ara yín.

Ìwọ ọmọ mi Aláró, o ti ṣe ohun tí mo fi gbogbo ọdún iṣẹ́ mi bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ṣe. Rúlà ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fa ìlà gbọọrọ lórí máàpù ara ògiri, wọ́n á ní àwọn ti wọ̀n ọ́n. Ayé kì í ṣe pẹlẹbẹ! Òwú tí o nà mọ́ ara gílóòbù, òun ni ọ̀nà tó kúrú jù, òun náà ni bàálù máa ń gbìyànjú láti tọ̀. Bí o bá gbé ọ̀nà yẹn lé máàpù ògiri, á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, pàápàá ní ìhà àríwá. Bàálù tó ń ti London lọ sí Los Angeles, òkè erékùṣù Greenland ní àríwá jíjìn ló sábà máa ń gbà, ẹni tí kò bá ní gílóòbù á rò pé awakọ̀ ti ṣìnà. Tìrẹ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí Èkó àti Salvador kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì.

Ó dáa. Èkó sí Salvador, bíi kìlómítà 5,086. Èkó sí London, bíi 5,004. Èyí tí ọ̀kan fi ju èkejì kò ju Òṣogbo sí Ìbàdàn lọ, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Bàálù ńlá ń sá tó kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan bó bá ti gòkè tán, ká wá fi bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ẹ pín in fúnra yín, wákàtí 6 ààbọ̀ lẹ máa rí. Òwú kò purọ́. Kí ẹlòmíì wá sọ ti fóònù.

Mi ò lè ṣe kí n má fi èyí kún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jean Mermoz, òun àti èèyàn méjì, fi bàálù gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Senegal dé Natal ní Brazil, níbi tí òkun yẹn ti fún. Kìlómítà tó lé díẹ̀ ní 3,000 ni, wákàtí bíi 21 ni wọ́n fi wà lókè. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó lọ sí Bahia náà, oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò lójú omi, ìyẹn àwọn tó bá yè é.

Bọ̀dá_Tíkẹ́ẹ̀tì_ÒgoOlúwa

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun. Èmi ni n ó sọ ti fóònù, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Fóònù náà kò purọ́. Òwú Àǹtí ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí wa. Fóònù ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbé wọn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kò sí bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Salvador tààrà. London ní èrò lójoojúmọ́: ọmọ ilé ìwé, oníṣòwò, ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ. Ti Salvador, àfi ìgbà ọdún àti ìwọ̀nba àwọn bíi Àǹtí. Bàálù tí ìdajì àga rẹ̀ ṣófo kò ní rí owó epo san. Nítorí náà, wọ́n á kó yín lọ síbi tí èrò ìlú púpọ̀ ti ń pàdé, wọ́n á wá pín yín láti ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ibùdókọ̀ Old Garage.

Ìwé tí Àǹtí fi ránṣẹ́ sí mi, Addis Ababa ní Ethiopia ló gbà. Ẹ bá mi wò ó. Èkó sí Addis, bíi kìlómítà 3,900. Ẹ̀yìn lẹ kọ sí Brazil yẹn o, ìlà-oòrùn lẹ̀ ń lọ nígbà tí ìwọ̀-oòrùn lẹ̀ ń wá. Addis sí São Paulo, bíi 9,900, ẹ máa tún gba òkè Áfíríkà padà kí ẹ tó kan òkun. São Paulo sí Salvador, bíi 1,450. Ó ti lé ní 15,000. Ìlọ́po mẹ́ta òwú yín nìyẹn. Bí ẹni tó ń ti Òkè-Fìà lọ sí Ẹdẹ tó wá kọ́kọ́ gba Iléṣà.

Àwọn ọ̀nà míì wà. Ẹ lè gba Casablanca, ẹ lè gba Johannesburg, São Paulo náà ni wọ́n á já yín sí. Èyí tó wù mí jù lójú máàpù ni Lisbon, torí bàálù ń ti ibẹ̀ lọ sí Salvador tààrà. Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà la mú dání. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, tí Portugal tó ni Lisbon wà nínú wọn, ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ wa, bí a ò tilẹ̀ ní jáde nínú pápákọ̀ òfurufú wọn. Mo ti rí ẹni tó sanwó ọ̀nà yẹn tán tí wọ́n dá padà níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù ní Ìkẹjà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà àti Brazil bọwọ́ lùwé àdéhùn kí bàálù lè máa lọ tààrà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Èkó sí São Paulo tó bíi 6,350, wákàtí 8 kò ní pé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má bi ẹnikẹ́ni, ẹ rà á.

Aláró_ÒkèFìà

Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, Addis sí São Paulo tí ẹ ní ó jìn jù yẹn, wákàtí 6 péré ló gbà lórí ìwé mi. 9:45 àárọ̀ ló gbéra, 16:00 ọjọ́ kan náà ló dé. Èkó sí Addis ló wá gba 7, láti 13:30 sí 20:30. Ṣé ẹ ò ṣì wọ́n pààrọ̀ fún ara wọn?

Bọ̀dá_Tíkẹ́ẹ̀tì_ÒgoOlúwa

Háà, Àǹtí! Ibi tó ń mú gbogbo èèyàn nìyẹn. Aago ìgbéra jẹ́ aago ìlú tí ẹ ti ń gbéra. Aago ìbalẹ̀ jẹ́ aago ìlú tí ẹ balẹ̀ sí. Ẹ kò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì bẹ́ẹ̀.

Addis fi wákàtí 2 ṣáájú wa. Nítorí náà, 20:30 tiwọn, 18:30 tiwa ni. Wákàtí 5 lẹ máa lò lókè, kì í ṣe 7. São Paulo àti Salvador fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn wa, ìyẹn ni pé wọ́n fi 6 wà lẹ́yìn Addis. 16:00 tiwọn, 22:00 ni ní Addis. Láti 9:45 sí 22:00, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 15. Ojú aago nìkan ló jèrè wákàtí 6 yẹn, ìdí yín tó wà lórí àga kò ní jèrè nǹkan kan.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

😂😂 Ìdí yín kò ní jèrè nǹkan kan.

Ṣẹ́gun_Akọ̀wé

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní tí bàálù bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ máa ń dá a dúró.

Tíṣà_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní agbègbè tiwa. Afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lókè lọ́hùn-ún, níbi tí bàálù ti ń fò, àárín àwọn ilẹ̀ olótùútù àti àwọn ilẹ̀ olóoru ló pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí London sí New York fi máa ń fi bíi wákàtí kan ju New York sí London lọ. Ọ̀nà ti Aláró sún mọ́ àárín ayé. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀.

Àrẹ̀mú_SãoPaulo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ará ilé. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní São Paulo. Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

São Paulo ní ju pápákọ̀ òfurufú kan lọ. Bàálù ilẹ̀ òkèèrè ń balẹ̀ sí Guarulhos. Bàálù abẹ́lé púpọ̀ ń gbéra ní Congonhas, tó wà láàárín ìgboro. Ó lé ní kìlómítà 30 láàárín àwọn méjèèjì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ á sì mú kí ẹ rántí Ọjọ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú á fi Congonhas tàn yín. Lẹ́tà mẹ́ta ni kí ẹ wò: GRU lẹ̀ ń wá, CGH kọ́. Salvador ni SSA.

Bí wọ́n tilẹ̀ so SSA mọ́ báàgì yín láti Èkó, São Paulo ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ lẹ ti máa gba ẹrù yín, ẹ máa gbé e kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ máa tún un fà lé àwọn tó ń gba ẹrù bàálù abẹ́lé lọ́wọ́. Wákàtí 4 ààbọ̀ tí wọ́n fún yín níbẹ̀ dára. Wákàtí méjì ì bá ti jẹ́ eré sísá.

Kí ó sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé Salvador. Ó ṣojú mi, ó ṣe mí. Lọ́dún kan mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, mo ra èkejì lọ́wọ́ òmíràn, torí kí n lè ṣẹ́ owó díẹ̀ kù. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ wákàtí 4. Mo dé, èkejì ti lọ. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo ìwé mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kò dé lásìkò," ó na ọrùn, ó pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo rà. Orí àga irin ni mo sùn mọ́jú, mo fi bàtà mi ṣe ìrọ̀rí nítorí kí wọ́n má baà jí i. Bó bá jẹ́ pé ìwé kan ló so méjèèjì pọ̀ ni, àwọn ni ì bá wá bí wọ́n ṣe máa gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

Ẹ má jẹ́ kí aago Addis da orí yín rú pẹ̀lú. Àwọn ará ìlú yẹn ń ka aago tiwọn láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ohun tí a ń pè ní aago méje àárọ̀, aago kan ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá bi awakọ̀ tákísì, ó lè fi tiwọn dá yín lóhùn. Èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ dì mú.

Aláró_ÒkèFìà

Ọmọ mi Àrẹ̀mú, o ṣeun, wàá jẹun ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹrù ló kù. Mo fẹ́ kó ẹ̀lú gbígbẹ dání, pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti hydros díẹ̀, àwọn kẹ́míkà tí mo fi ń ṣe aró, àti láfún tí mo fi ń ṣe ẹ̀kọ sí aṣọ lára. Ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi ń kọ ọnà náà ńkọ́?

Bọ̀dá_Tíkẹ́ẹ̀tì_ÒgoOlúwa

Àǹtí, kọ́sítíìkì kẹ̀? Nínú bàálù? Ẹ má tilẹ̀ sọ ọ́ sókè ní Ìkẹjà. Ohun tó ń jẹ irin àti awọ ni, òfin bàálù kò gbà á fún èrò rárá, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́, ì báà jẹ́ nínú èyí tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀. Hydros lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná, kò sí ibi tí wọ́n ti máa gbà á lọ́wọ́ èrò. Ẹ ní kí àwọn tó pè yín rà á sílẹ̀ dè yín.

Àrẹ̀mú_SãoPaulo

Ẹ̀lú gbígbẹ àti ìyẹ́, ẹ fi sílé. Àwọn tó ń ṣọ́ ewé, irúgbìn àti ohun tó ti ara ẹran wá wà lẹ́nu ọ̀nà GRU, ojú wọn kò kúrò lára báàgì tó bá ti Áfíríkà wá. Orógbó àti obì náà, kí ẹnikẹ́ni má fi rán yín o. Gbágùúdá kún Bahia fọ́fọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá ohun tí ẹ máa fi ṣe ẹ̀kọ. Láfún, ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá, kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù... Àǹtí mi, ẹ rò ó wò.

Ìyá_Ìbejì_Gbọ́dọ̀fọ̀n

Wọ́n á ní kí Àǹtí tọ́ ọ wò 😂

Nọ́ọ̀sì_ÒkèBaálẹ̀

Káàdì ibà pọ́njú, tí wọ́n ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà bí ẹ bá ti gbà á rí, káàdì yẹn náà ni kí ẹ wá jáde. Nínú bàálù wákàtí 12 yẹn, ẹ dìde rìn láàárín àga, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ yín, ẹ mu omi. Bàtà tó fún yín lójú ilẹ̀ kò ní wọ ẹsẹ̀ yín mọ́ tí ẹ bá dé.

Onímọ́tò_OldGarage

Gbogbo yín ń sọ Addis, ẹ ti gbàgbé Òṣogbo sí Ìkẹjà. Ẹni tí bàálù rẹ̀ máa gbéra ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láago mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa jí gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tírélà kan ṣoṣo tó bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ti tó láti fi ba owó Brazil jẹ́. Ẹ lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sùn sí Ìkẹjà. Ẹ gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè.

Ṣẹ́gun_Akọ̀wé

Tàbí kí wọ́n wọ mọ́tò dé Mọníyà, kí wọ́n gba rélùwéè tuntun láti Ìbàdàn, kí wọ́n sọ̀ ní Agége. Kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Títí pápákọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun tiwa á fi máa gbé èrò nìyẹn.

Onímọ́tò_OldGarage

Ṣẹ́gun, ṣé o fẹ́ kí ebi pa mí ni?

Aláró_ÒkèFìà · lẹ́yìn oṣù méjì

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Mo ṣèlérí fún Bàbá Tíṣà pé n ó kọ aago gbogbo sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, òun rèé.

Ọjọ́ Jímọ̀, aago kan ọ̀sán, mo kúrò nílé. Onímọ́tò_OldGarage ló gbé mi, kò tilẹ̀ gba owó àpò. Mo sùn sí Ìkẹjà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13:30, bàálù gbéra. Mo lajú lọ́tẹ̀ yìí. Addis, 20:30 aago tiwọn. Wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 15 ni mo lò níbẹ̀. Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì ti ní kí n béèrè kí n tó kúrò nílé bóyá ilé iṣẹ́ bàálù á fún mi níbi tí n ó sùn, wọ́n sì fún mi. Òtútù mú mi lóru, òkè ni ìlú náà wà, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nínú gbogbo yín!

Ọjọ́ Àìkú, 9:45, a gbéra lọ sí São Paulo. Bàbá Tíṣà, mo jókòó ti fèrèsé. Wọ́n gbé máàpù sí ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú mi, mo ń wo bàálù náà bó ṣe ń rìn padà sí ìwọ̀-oòrùn, tó tún ń kọjá lórí Áfíríkà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kọjá lánàá. Ó dùn mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọjọ́ kí n tó rí òkun pé ó ti tán. Ẹsẹ̀ mi wú, bàtà kò wọ̀ ọ́, Nọ́ọ̀sì ló jàre. Sálúbàtà ni mo fi wọ Brazil.

Ní GRU, mo gba ẹrù mi bí Àrẹ̀mú ṣe wí. Ọkùnrin aṣọ́bodè kan tú báàgì, ó rí àdìrẹ, ó rí ọwọ́ mi. Ó wo èékánná mi tó dúdú bí aró, ó tún wo aṣọ, ó fi ìka kan wọ́ ọnà tó wà lára rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Oxum?" ló bi mí. Mo ní, "Ọ̀ṣun Òṣogbo." Ó ká aṣọ náà padà fúnra rẹ̀, ó ká a dáadáa ju bí mo ṣe ká a láti ilé lọ.

20:30 ni bàálù abẹ́lé gbéra, 22:50 ló balẹ̀ ní Salvador. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n fi mí wọ̀ sí ní aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní Òṣogbo lásìkò yẹn, aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé ló ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tó mọ́, wọ́n mú mi lọ síbi tí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun balau ti ń din àkàrà nínú epo pupa lẹ́bàá títì. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n là á láàárín, wọ́n ki edé sí i. Mo ní "ẹ kú iṣẹ́ o." Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e fún mi, mo sì dúró lójú títì, mi ò lè jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Kọ́sítíìkì tí wọ́n rà sílẹ̀ le ju tiwa lọ, ìkòkò aró àkọ́kọ́ bàjẹ́, mo pariwo bí Ọ̀ṣun ṣe pariwo lé àwọn tó fọ́ ìkòkò rẹ̀. Mo ti ra gílóòbù tuntun fún ọmọ mi.

Tíṣà_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

O ṣeun, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má ju gílóòbù àkọ́kọ́ nù. Èmi fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìlà búlúù tó wà lójú òkun.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Mo ti ṣírò rẹ̀ o. Láti Jímọ̀ aago kan ọ̀sán, wákàtí 63 ó dín ìṣẹ́jú 10. Nínú rẹ̀, wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 35 péré ni Àǹtí lò lójú òfurufú. Òṣogbo sí Salvador, bí ẹ bá na òwú náà láti ilé wa níbí, ó tó bíi kìlómítà 5,270. Ẹ pín in sí 63. Kìlómítà 84 ní wákàtí kan! Bó bá jẹ́ pé afárá wà lórí òkun yẹn ni, mọ́tò tí kò sáré púpọ̀ ì bá bá Àǹtí débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Onímọ́tò_OldGarage

Kí wọ́n ṣáà ti ṣe afárá náà. Èrò mẹ́rìnlá ni mò ń gbé, ẹrù ọ̀tọ̀, mi ò sì kọ kọ́sítíìkì.